Bí ẹ ṣe lè ṣáájì bátìrì LiPo púpọ̀ pa pọ̀, kí sẹ́ẹ̀lì wọn sì dọ́gba

Ẹni tó bá ń fi dúróònù tàbí mọ́tò onírìmóòtù ṣeré á mọ ìyà ibẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ni bátìrì LiPo (lithium polymer) kan fi ń fò, odidi wákàtí kan ló sì máa fi jókòó sídìí ṣájà. Tó bá di bátìrì mẹ́fà, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ìdí rèé táwọn èèyàn fi ń to bátìrì sórí bọ́ọ̀dù kan, kí ṣájà kan ṣoṣo máa bọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Parallel ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ń ṣe é, kò sì bà mí lẹ́rù, àmọ́ mi ò fojú di í mọ́ láti ọjọ́ tó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. N óò sọ ìyẹn tó bá yá.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan okùn kankan: bátìrì mẹ́fà lẹ̀yin ń rí lórí tábìlì, ẹyọ kan péré ni ṣájà ń rí. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí wọ́n tò sínú bátìrì kan; sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ inú gbogbo wọn ti di sẹ́ẹ̀lì kan lójú ṣájà, ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣàìsàn, àwọn tó le á bò ó mọ́lẹ̀, ojú ṣájà á sì máa fi nọ́ńbà tó dára hàn yín. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ nìyẹn, ó ti di tiyín.

Ẹ mọ bátìrì yín ná

Sẹ́ẹ̀lì LiPo kan ti kún tó bá dé 4.20 V (V ni fólítì). 3.7 V ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àárín 3.80 V sí 3.85 V ló yẹ kó wà. Tó bá sì fi lè wọ ìsàlẹ̀ 3.0 V, ó ti ń kú lọ. Nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà S ni iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú bátìrì kan. 3S máa ń kún ní 12.6 V, 4S ní 16.8 V, 6S ní 25.2 V.

Oríṣi okùn méjì ló ń jáde lára rẹ̀. Èyí tó sanra, tí púlọ́ọ̀gì XT60 tàbí XT30 wà lẹ́nu rẹ̀, ni iná ńlá ń gbà. Èyí tó tín-ín-rín, tó ní púlọ́ọ̀gì pẹlẹbẹ funfun, ni okùn ìdọ́gba. Ẹ ka wáyà tó wà lára rẹ̀: ó máa ń fi ọ̀kan ju iye sẹ́ẹ̀lì lọ. 3S ní mẹ́rin, 4S ní márùn-ún. Ojú ihò wọ̀nyí ni ṣájà ń gbà yọjú wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà mú wọn dọ́gba.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ṣájà ń bù kún sẹ́ẹ̀lì tó rẹlẹ̀. Rárá o. Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà tí à ń lò fún eré yìí, èyí tó ga ni wọ́n máa ń bù lára rẹ̀ dànù: iná díẹ̀ á gba inú rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan kọjá, á di ooru, títí àwọn tó kù á fi lé e bá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, bíi 0.3 A tàbí 0.5 A (A ni ampere, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Ẹ fi èyí sápá kan, a máa nílò rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ṣa àwọn tó lè jókòó pọ̀

Iye S wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Kò sí àwàdà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá so 4S tó kún mọ́ 3S tó kún lórí bọ́ọ̀dù kan náà, ìyàtọ̀ 4.2 V ló wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdènà tó wà nínú bátìrì méjèèjì àti okùn wọn lè má ju 0.05 Ω (ohm, tí wọ́n fi ń wọn ìdènà) lọ. Ẹ fi ìdènà yìí pín 4.2 V: iná tó lé ní 80 A ló máa ya wọ inú 3S tó ti yó tẹ́lẹ̀. Iná á sọ kẹ́ ẹ tó fa okùn yọ.

Irú bátìrì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Oríṣi bátìrì lítíọ́mù míì ni LiHV àti LiFe: sẹ́ẹ̀lì LiHV máa ń kún ní 4.35 V, ti LiFe ní nǹkan bíi 3.6 V, ìkankan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ bá LiPo lásán jókòó. Àmọ́ mAh, ìyẹn iye iná tí bátìrì lè gbà sínú, lè yàtọ̀. 1300 àti 2200 lè wà lórí bọ́ọ̀dù kan náà, tí S wọn bá ti bára mu, kálukú á gba ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí tó ti wú, tí ara rẹ̀ ti gbá, tàbí tí rọ́bà wáyà rẹ̀ ti ya, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èmi kì í tilẹ̀ fi bátìrì ọdún mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Òfin kankan ò kọ̀ ọ́, ara mi ni kò gbà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Tẹ́ ẹ bá máa fo ìgbésẹ̀ kan, kó má ṣe jẹ́ èyí.

Ẹ ra mítà kékeré tó ń ki ẹnu bọ okùn ìdọ́gba, tó ń ka sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹ má wulẹ̀ wọn àpapọ̀. Àpapọ̀ ló tan èmi jẹ. Mo ní 3S kan tí mo ti lò díẹ̀. Mítà fi 11.4 V hàn mí, mo ṣírò rẹ̀ lórí, 3.80 V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bíi ti àwọn mẹ́ta yòókù gẹ́lẹ́. Mo so okùn ńlá, ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Mo wá ki okùn ìdọ́gba bọlé: ó ta pá, ó kọ mọ̀nà bíi mànàmáná, kí n sì tó fa á yọ, rọ́bà ara wáyà méjì ti yọ́ mọ́ra wọn, àtàǹpàkò mi ti bó. Nígbà tí ara mi balẹ̀ tí mo wá wọn ọ́n dáadáa: 4.05, 4.05, 3.30. Ẹ rò ó pọ̀, 11.40 náà ni. Àpapọ̀ kò purọ́, èmi ni mi ò béèrè ìbéèrè tó yẹ. Sẹ́ẹ̀lì kẹta àwọn bátìrì yòókù ló ń sáré da iná sínú èyí tó rẹlẹ̀, ojú wáyà tín-ín-rín tí kò yẹ kó gbé ju bíi 3 A lọ ni wọ́n sì gbà.

Ìyàtọ̀ wo la lè gbà láàyè? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo 0.1 V fún sẹ́ẹ̀lì kan. Èmi ń lo 0.05 V, ìdí mi sì rèé. Fún 4S, ìyàtọ̀ 0.1 V lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.4 V lápapọ̀. Pín in fún 0.05 Ω tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, 8 A ló máa ṣàn. Bátìrì 1500 mAh tó gba 8 A ti ń gba ìlọ́po márùn-ún ohun tó yẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní pẹ́ rọlẹ̀. Tó bá jẹ́ 0.05 V, 4 A ni, ìyẹn ṣì dùn ún gbà.

Nǹkan kan tún wà tí nọ́ńbà máa ń fi pamọ́. Láàárín, láti bíi 3.7 V sí 3.85 V, fólítì LiPo kì í fẹ́ gòkè. Ẹ lè rọ iná púpọ̀ sínú rẹ̀, kí nọ́ńbà má fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, bátìrì tó wà ní 3.70 V àti èyí tó wà ní 3.80 V jìnnà síra ju bí ojú ṣe rí i lọ, wọ́n á sì pẹ́ kí wọ́n tó bára dọ́gba. Lókè, ní ìtòsí 4.1 V, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ṣájà gbé òun nìkan sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú un wá sáàárín wọn.

Inú bátìrì kan náà ńkọ́? Tí sẹ́ẹ̀lì tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù bá fi ju 0.05 V lọ yàtọ̀ síra, òun nìkan ni kó lọ gba iná lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi iṣẹ́ àti bọ́ọ̀dù

Orí nǹkan tí kì í jóná ni: táìlì, símẹ́ńtì, páànù irin. Kó jìnnà sí kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì. Garawa iyanrìn gbígbẹ kan kó wà nítòsí. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára dúróònù, tó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Èyí tó sì tutù bíi yìnyín kò gbọ́dọ̀ gba iná rárá, torí pé LiPo tó bá gba iná nígbà tí ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 0°C máa ń bàjẹ́ nínú láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Bọ́ọ̀dù tó ní fúùsì ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn kan ní fúùsì lójú okùn ńlá kọ̀ọ̀kan, tí okùn ìdọ́gba wọn sì ní irú fúùsì kékeré tó máa ń pa ara rẹ̀ tó bá gbóná, tó sì ń padà ṣiṣẹ́ tó bá tutù. Bọ́ọ̀dù tí mo lò lọ́jọ́ tí mo jóná kò ní ìkankan.

Ẹ so bọ́ọ̀dù mọ́ ṣájà kí bátìrì kankan tó dé ibẹ̀. Púlọ́ọ̀gì méjì tó ń wọ ṣájà, irin wọn sábà máa ń wà níta gbangba. Tí bátìrì bá ti wà lórí bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó mú wọn lọ́wọ́, tí wọ́n bá kanra wọn pẹ́nrẹ́n, wàhálà dé. Ẹ tún rántí pé bí bátìrì àkọ́kọ́ bá ti wọlé, gbogbo ẹnu yòókù lórí bọ́ọ̀dù náà ti ní iná, àní èyí tí ẹ ò tíì fi nǹkan kan sí. Òrùka, ṣéènì ọrùn ọwọ́, tọnafíìsì, ẹ kó wọn kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: okùn ńlá kọ́kọ́, tín-ín-rín lẹ́yìn

Okùn ńlá gbogbo bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó dáadáa kí púpà bá púpà, dúdú bá dúdú. XT60 kì í gbà kéèyàn yí i, àmọ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó o lè ti ṣì í jó. Ẹ tì í títí á fi wọlé tán.

Ẹ wá dúró. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn fi páìpù so dúrọ́ọ̀mù méjì pọ̀ nísàlẹ̀: omi á ṣàn láti inú èyí tó kún sínú èyí tó rẹlẹ̀ títí ojú wọn á fi ṣe déédéé. A fẹ́ kí ó gba páìpù ńlá ṣàn. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ so okùn ìdọ́gba, wáyà bíńtín yẹn ni gbogbo omi náà máa gbà. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tó tí ìyàtọ̀ bá kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan okùn: kò gbọ́dọ̀ gbóná.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá so okùn ìdọ́gba, níbi tí wọ́n kọ iye S yín sí. Ẹ má fi ipá tì í. Irin inú rẹ̀ máa ń tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á yọ nígbà mìíràn, orí púlọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fa wáyà. Wáyà tó bá já nínú púlọ́ọ̀gì láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ìyọnu ńlá ni lórí bọ́ọ̀dù, torí àwọn bátìrì yòókù á máa dáhùn dípò rẹ̀. Ṣájà á rí 4.20 V, tirẹ̀ á wà ní ibi tó bá wù ú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sínú ṣájà

LiPo, balance (ìdọ́gba), iye S ti bátìrì kan ṣoṣo. Bátìrì 4S mẹ́rin ṣì jẹ́ 4S, kì í ṣe 16S.

Fún iye A, ẹ ro mAh gbogbo wọn pọ̀. Mẹ́rin tó jẹ́ 1500 jẹ́ 6000 mAh, ìyẹn 6 A. 1300, 1500 àti 2200 jẹ́ 5000, ìyẹn 5 A. Ohun tí wọ́n ń pè ní 1C nìyẹn, kò sì yẹ kẹ́ ẹ kọjá rẹ̀ nínú parallel, kódà tí wọ́n bá kọ 5C sára bátìrì náà. Ká ní púlọ́ọ̀gì mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn ò wọlé dáadáa tí wọ́n sì tú, ẹyọ tó kù ni yóò gbé gbogbo 6 A, 4C. Tó bá jẹ́ 3C lẹ fi bẹ̀rẹ̀, 12C ló máa bá a.

Ẹ yẹ agbára ṣájà náà wò. Bátìrì 4S mẹ́fà tó jẹ́ 1500, ní 9 A, máa ń béèrè bíi 151 W nígbà tó bá súnmọ́ kíkún. Ṣájà 80 W á wulẹ̀ rọra máa ṣe é ní bíi 5 A ni. Kò léwu, ó kàn máa pẹ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì tó hàn lójú ṣájà, kẹ́ ẹ fi wé èyí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fi mítà wọn wọ́n. Tí kò bá jọ ọ́, ẹ tú u.

Bó bá ti ń gba iná

Ẹ jókòó tì í. Lákọ̀ọ́kọ́, iye A á dúró sójú kan, iye V á máa gun òkè; tó bá kan 4.20 V, iye V á dúró, iye A á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní ìparí yìí ni ìdọ́gba ń gba àkókò, àwọn tí kò mọ̀ á sì máa rò pé ṣájà ti há.

Ìdí tó fi ń pẹ́ rèé. Ká ní sẹ́ẹ̀lì kan fi 2% ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú bátìrì 1500 mAh kan, 30 mAh nìyẹn. Ṣájà tó ń sun 0.3 A á parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tí mẹ́fà irú rẹ̀ bá wà lórí bọ́ọ̀dù, 180 mAh ló fẹ́ sun, rẹ̀sísítọ̀ kan náà ló sì ní: ìṣẹ́jú 36. Parallel kò yá fún ìdọ́gba. Ó yá fún bátìrì tó ti dọ́gba tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa fẹ̀yìn ọwọ́ kàn wọ́n. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kò burú; èyí tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń sọ nǹkan kan fún yín. Tó bá ń wú, tó ń súfèé, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ òórùn dídùn kan bíi ti ohun ọ̀ṣọ́ èékánná, ẹ pa ṣájà, ẹ kúrò nítòsí rẹ̀. Tí èéfín bá ti ń jáde, ẹ má fa á símú, májèlé ni. Ẹ da iyanrìn lé e lórí tẹ́ ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfarapa, kẹ́ ẹ sì jáde.

Tó bá kún

Ẹ dá ṣájà dúró. Okùn ìdọ́gba ló kọ́kọ́ ń jáde, okùn ńlá tẹ̀lé e. Kẹ́ ẹ wá mú mítà, kẹ́ ẹ wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i. 4.19 V sí 4.20 V ló yẹ kí gbogbo sẹ́ẹ̀lì wà. Èyí tí kò gba iná rárá, ó lè jẹ́ pé fúùsì rẹ̀ ti jó. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan wà ní 4.26 V, ẹ má gbé e fò, ẹ wo okùn ìdọ́gba rẹ̀, ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti já níbẹ̀.

Bátìrì tó ń ya ẹsẹ̀, ìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò dọ́gba, ẹ gbé òun nìkan sórí ṣájà, ní ìdajì C, lórí balance, kẹ́ ẹ jẹ́ kó parí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lò ó tàbí kẹ́ ẹ rọ̀ ọ́ sí 3.85 V, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ tún wọn ọ́n. Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ṣì wà lójú kan, ó ti yè. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá tún ti yọ́ sálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó, iná ń jò nínú rẹ̀ nìyẹn, ìdọ́gba kankan ò lè wò ó. Tí ṣájà yín bá lè wọn ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ wò ó: sẹ́ẹ̀lì tí tirẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó ẹrù rẹ̀.

Téèpù funfun kan ni mo máa ń lẹ̀ mọ́ ara bátìrì kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà sí i, ìwé kékeré kan sì wà tí mo ń kọ ohun tí mítà sọ sí. Nọ́ńbà 4 mi fi oṣù méjì kìlọ̀ fún mi kó tó wú. Bátìrì tẹ́ ẹ ò ní lò láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ má fi sílẹ̀ ní 4.20 V, ẹ gbé gbogbo wọn padà sórí bọ́ọ̀dù, ìgbésẹ̀ kan náà, ẹ sọ fún ṣájà pé storage (ìpamọ́) lẹ fẹ́.

Èyí tó bá sì ti parí iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ṣájà tàbí gílóòbù kan fa gbogbo iná inú rẹ̀ tán pátápátá, kẹ́ ẹ kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àlòkù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé púlọ́ọ̀gì XT60 rẹ̀ pa mọ́, ẹ gé wáyà kan, ẹ fi téèpù dì í, kẹ́ ẹ tó gé ìkejì. Ẹnu àlùmọ́gàjí, irin ni.